SsoPox: ẹ́ńsáìmù inú omi imí-ọjọ́ tí wọ́n kọ́ láti fọ́ oògùn apakòkòrò

Ìlú Pozzuoli ò jìnnà sí Naples ní Ítálì. Ibẹ̀ ni Solfatara wà, ilẹ̀ òkè ayọnáyèéfín tí èéfín imí-ọjọ́ ń rú jáde nínú ihò rẹ̀, tí ẹrẹ̀ ń hó gùdùgùdù láìsí ẹni tó koná sí i. Ásíìdì inú omi ibẹ̀ le, omi náà sì gbóná débi pé ọwọ́ tó bá kàn án á bó. Síbẹ̀, ohun abẹ̀mí kan tí ojú lásán ò lè rí fi ibẹ̀ ṣelé. Sulfolobus solfataricus ni wọ́n ń pè é, orúkọ ilẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n fi sọ ọ́. Kì í ṣe bakitéríà o. Ara àwọn archaea ni, ìdílé ọ̀tọ̀ nìyẹn láàárín àwọn ohun abẹ̀mí. Nǹkan bí 80°C ni ara rẹ̀ ti máa ń yá jù, nínú omi tí pH rẹ̀ (òṣùwọ̀n ásíìdì) wà láàárín 2 sí 4.

Inú ohun abẹ̀mí yìí ni wọ́n ti rí ẹ́ńsáìmù tí mo fẹ́ kọ nípa rẹ̀. (Ẹ́ńsáìmù ni purotéènì tó ń mú kí iṣẹ́ kẹ́míkà yá.) SsoPox ni wọ́n sọ ọ́. Mo fẹ́ tò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ibi tó dé, torí mo gbà pé ọ̀nà tí àwọn tó ṣiṣẹ́ náà gbà ló bá ilẹ̀ olóoru bíi tiwa mu jù. Ẹ́ńsáìmù tó yára jù ú lọ ti wà nílẹ̀. Wọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì mú èyí tó lọ́ra àmọ́ tí kì í tètè bàjẹ́, wọ́n wá ń kọ́ ọ níṣẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ májèlé tí ọ̀rọ̀ náà dá lé. Organophosphate ni orúkọ ẹbí rẹ̀. Lọ́dún 1936, Gerhard Schrader, onímọ̀ kẹ́míkà ará Jámánì tó ń ṣiṣẹ́ fún IG Farben, ń wá oògùn tí yóò pa kòkòrò inú oko. Ohun tó bá pàdé kọjá ti kòkòrò: tabun ni, èyí tí ìjọba Jámánì ìgbà náà sọ di ohun ìjà ogun. Òun náà ló ṣe parathion lẹ́yìn náà, ní nǹkan bí 1944. Látìgbà yẹn ni ẹbí náà ti ń bí sí i: malathion, diazinon, chlorpyrifos, dichlorvos. Dichlorvos yìí ló wà nínú Sniper àti nínú ọ̀pọ̀ ọ̀tapíápíá tí wọ́n ń kiri lọ́jà. Òun náà ló fà á tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fi dá ẹ̀wà gbígbẹ wa dúró lẹ́nu ibodè wọn láti ọdún 2015. Lọ́dún 2019, NAFDAC fòfin de títa ìgò kékeré rẹ̀ tó jẹ́ 100 mílílítà. Ní ti chlorpyrifos, oṣù kọkànlá ọdún 2024 ni wọ́n dá fún un pé kò gbọ́dọ̀ sí lórí igbá mọ́. Nítorí náà, ìtàn Ítálì yìí kan ìkòkò ẹ̀wà wa.

Ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn ń gbà pani. Tí iṣan ìmọ̀lára bá fẹ́ ran iṣan ara níṣẹ́, á tú kẹ́míkà kan sílẹ̀ tó ń jẹ́ acetylcholine. Tí iṣẹ́ náà bá ti di jíjẹ́, ẹ́ńsáìmù kan nínú ara wa á palẹ̀ kẹ́míkà yẹn mọ́ kíá kí iṣan lè sinmi. Organophosphate máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ́ńsáìmù yìí típẹ́típẹ́, kò ní jẹ́ kó lè palẹ̀ mọ́. Bí àṣẹ ò ṣe ní dáwọ́ dúró mọ́ nìyẹn. Itọ́ á máa dà, òógùn á máa ṣàn, ọmọlójú á sún kì bí orí abẹ́rẹ́, omi á kún inú ẹ̀dọ̀fóró, iṣan tí a fi ń mí á rẹ̀ títí èémí á fi dá. Ohun tó ń ṣe kòkòrò náà nìyẹn. Kò mọ̀ bóyá ìdin inú ẹ̀wà lòun wà lára rẹ̀ tàbí ọmọ ọdún mẹ́ta. Ní ilé ìwòsàn, atropine àti pralidoxime ni wọ́n fi ń bá a jà, tí wọ́n bá tètè gbé aláìsàn dé.

Àmọ́ májèlé yìí ní ibì kan tó ti rọ̀. Phosphorus ló wà láàárín rẹ̀, apá mẹ́ta sì nà jáde lára phosphorus náà, oxygen tàbí imí-ọjọ́ ló so wọ́n mọ́ ọn. Tí omi bá lè gé ẹyọ apá kan péré kúrò lára mẹ́ta yẹn, ìyókù ò ní lè lẹ̀ mọ́ ẹ́ńsáìmù ara wa mọ́. Ìgé kan ṣoṣo ti tó. Kò pọn dandan kí ẹnikẹ́ni jó o tàbí kó lọ̀ ọ́ di ìyẹ̀fun. Omi nìkan lè gé e tí wọ́n bá fi sílẹ̀, àmọ́ ó lè gba ọjọ́ tàbí ọ̀sẹ̀, oògùn mìíràn sì ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ́ńsáìmù tó mọ ìgé yẹn á ṣe é láàárín ìṣẹ́jú àáyá.

Inú oko ìrẹsì ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí irú rẹ̀ tó gbayì. Lọ́dún 1973, Sethunathan àti Yoshida, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí ìrẹsì àgbáyé ní Los Baños, lórílẹ̀-èdè Philippines, kọ̀wé nípa bakitéríà kan tí wọ́n rí nínú oko tí wọ́n ti ń da diazinon sí. Bakitéríà náà ń jẹ oògùn náà run, ó sì ń fọ́ parathion pẹ̀lú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n rí òmíràn ní Texas tó ń ṣe bákan náà, ẹ̀yà rẹ̀ sì yàtọ̀ sí ti Philippines pátápátá. Nígbà tí wọ́n ka jíìnì àwọn méjèèjì, ọ̀kan náà ni. Jíìnì náà ti rin ìrìn àjò láti ara bakitéríà dé ara bakitéríà. Ẹ wá rò ó wò: kò sí parathion láyé kó tó di 1940 sí 1949. Láàárín ìgbà tí bàbá àgbà ẹnì kan fi dàgbà, àwọn ohun abẹ̀mí inú ilẹ̀ ti ní ohun èlò tí wọ́n fi ń gé májèlé tí ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀.

Ẹ́ńsáìmù yẹn ni wọ́n ń pè ní PTE. Iṣẹ́ rẹ̀ yára débi pé, tí paraoxon bá ṣe ń kàn án báyìí, ó ti gé e. Paraoxon ni ohun tí ẹ̀dọ̀ wa máa ń sọ parathion dà, òun gan-an ló ń pani. Frank Raushel àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Texas A&M fi ọ̀pọ̀ ọdún tú PTE wò ní tinú tòde. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé oníwà ẹlẹgẹ́ ni. Kì í rọrùn láti ṣe púpọ̀ rẹ̀, ooru máa ń bà á jẹ́, kẹ́míkà tí wọ́n fi ń yọ́ oògùn nínú ìgò náà sì lè dá a dúró. Ẹ́ńsáìmù ń bàjẹ́ bí oúnjẹ ṣe ń bàjẹ́. Tó bá jẹ́ pé inú fíríìjì nìkan ló ti lè wà láàyè, ọ̀dọ̀ ẹni tó ní iná lójoojúmọ́ nìkan ló máa wúlò dé, àwọn tó ń fín oògùn lóko kọ́ nìyẹn. Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ ooru nìyẹn. Kò sẹ́ni tó fẹ́ fọ́ oògùn apakòkòrò nínú omi tó ń hó. Ohun tí a ń wá ni nǹkan tí ọkọ̀ lè gbé lójú oòrùn láti Èkó dé Ìlá, tí á wà nínú páálí lẹ́yìn ilé, tí á sì tún ṣiṣẹ́ nígbà tí wọ́n bá bù ú sómi lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Ẹ́ńsáìmù tó bá lè gba ooru 100°C sára, gbogbo ìyẹn ò tó nǹkan lójú rẹ̀.

Lọ́dún 2001 ni wọ́n ka gbogbo jíìnì Sulfolobus solfataricus tán. Láàárín wọn ni ọ̀kan wà tó jọ ti PTE. Giuseppe Manco àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Naples, tí ilé ìwádìí wọn ò jìnnà sí Solfatara fúnra rẹ̀, yọ jíìnì yìí, wọ́n fi sínú Escherichia coli, bakitéríà tí gbogbo ilé ìwádìí ayé ń sìn, kó bá wọn ṣe ẹ́ńsáìmù náà. Ọdún 2005 ni ìwé wọn jáde. Mílígíráàmù 5 péré ni wọ́n rí nínú lítà kan omi tí wọ́n fi sin bakitéríà náà. Wọ́n sì dán an wò lórí paraoxon.

Ohun tí ojú ń rí nígbà ìdánwò yìí rọrùn láti lóye. Apá kan lára mẹ́ta tó wà lára paraoxon ń jẹ́ nitrophenol. Nígbà tó ṣì wà lára paraoxon, omi máa ń mọ́ gaara. Ní kété tí ẹ́ńsáìmù bá gé e sọ́tọ̀, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í di àwọ̀ ìyeyè. Bí ìyeyè náà bá ṣe tètè ki tó, bẹ́ẹ̀ ni ẹ́ńsáìmù náà ṣe yára tó. Ẹ̀rọ kan wà tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ tó ń gba inú omi náà kọjá, òun ló ń fún wọn ní nọ́ńbà tí wọ́n ń kọ sílẹ̀, àmọ́ ẹni tí kò ní ẹ̀rọ náà lè fojú rí i pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀. Ti SsoPox náà di ìyeyè, ó sì ń di ìyeyè nínú ooru tí PTE ò lè dé. Àmọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni. Àwọn fúnra wọn kọ ọ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ lórí paraoxon kéré. Tí wọ́n bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ PTE nínú omi tútù, PTE yára jù ú lọ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ì bá ti ibẹ̀ padà sílé.

Ìdí tó fi lọ́ra hàn lọ́dún tó tẹ̀ lé e, 2006, nígbà tí Manco àti Dan Tawfik ti ilé ìwádìí Weizmann ní Ísírẹ́lì (ó ti di olóògbé lọ́dún 2021) jọ kọ̀wé. Iṣẹ́ oògùn apakòkòrò kọ́ ni iṣẹ́ SsoPox. Kẹ́míkà kan wà tí àwọn bakitéríà fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, lactone ni, wọ́n máa ń tú u sílẹ̀ láti fi mọ bí àwọn ṣe pọ̀ tó kí wọ́n tó jọ gbógun. SsoPox ń gé lactone yìí, bí ẹni ń já okùn ọ̀rọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu. Gígé organophosphate kàn jẹ́ ohun tó lè ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ rẹ̀, torí pé ìrísí ohun méjèèjì fẹ́ jọra lójú rẹ̀. Èrò wọn ni pé láti ara irú ẹ́ńsáìmù agélactone bẹ́ẹ̀ ni PTE ti jáde nígbà tí organophosphate kún inú ilẹ̀. Èyí wọ̀ mí lọ́kàn gan-an. Ó túmọ̀ sí pé ohun tí àwọn ènìyàn fẹ́ fi ọwọ́ ṣe ní ilé ìwádìí, ilẹ̀ ti ṣe é rí fúnra rẹ̀ láàárín ọdún díẹ̀. Ọ̀nà náà wà. Ó ku kí wọ́n tọ̀ ọ́ pẹ̀lú ẹ́ńsáìmù tí ooru ò lè pa.

Kí n tó lọ síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́ mọ́, torí ibẹ̀ ni àǹfààní ooru ti kọ́kọ́ hàn sí mi kedere. Tí E. coli bá ti ṣe ẹ́ńsáìmù náà tán, ó wà pọ̀ mọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún purotéènì ti E. coli fúnra rẹ̀. Láti yọ ọ̀kan láàárín wọn máa ń gba owó, ọjọ́, àti ohun èlò tí kò sí ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ gíga wa. Fún SsoPox, wọ́n á fọ́ bakitéríà náà, wọ́n á gbé omi rẹ̀ sínú ooru tó tó nǹkan bí 70°C fún ìwọ̀nba àkókò. Bí funfun ẹyin ṣe ń dì nígbà tí a bá ta á sómi gbígbóná, bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ jù lọ nínú purotéènì E. coli á dì, tí omi á ṣú bàì. SsoPox ò dì. Ó ṣì yọ́ sínú omi bó ṣe wà. Wọ́n á fi ẹ̀rọ yí i bírí bírí, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ funfun á jókòó sísàlẹ̀ ife, wọ́n á sì da omi òkè sọ́tọ̀. Omi òkè yẹn ni ẹ́ńsáìmù wà. Ooru tó ń ba iṣẹ́ ẹlòmíràn jẹ́ ló wá di ẹni tó ń bá wọn fọ nǹkan.

Lọ́dún 2008, Mikael Elias, Eric Chabriere àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé àwòrán ìrísí rẹ̀ jáde. Wọ́n sọ ọ́ di kírísítà, wọ́n fi X-ray wò ó. Amino acid, ìyẹn ohun kéékèèké tí wọ́n fi ń kọ́ purotéènì, 314 nínú wọn ló so kọ́ra wọn láti di ẹyọ kan, ẹyọ méjì a sì máa rìn pọ̀. Àgbá ni ìrísí rẹ̀, irin àti kóbáàtì sì jókòó sí ẹnu àgbá náà, àárín wọn ni omi tó ń gé nǹkan wà. Ibì kan lára okùn amino acid náà tẹ̀ bo ẹnu ibẹ̀ bí etí, ìbú etí ni mo máa pè é, òun ló ń pinnu ẹni tó máa wọlé. Lórí ìbú etí yìí ni amino acid tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 263 wà. Tryptophan ni, ó tóbi, ó sì dí ọ̀nà. Wọ́n yí i sí àwọn amino acid yòókù lọ́kọ̀ọ̀kan láti wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Ohun tí ìwádìí tó jáde lọ́dún 2013 fi hàn ni pé tí ìbú etí náà bá ti rọ̀ tó sì ń mì, ẹ́ńsáìmù náà á gba organophosphate mọ́ra ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti lọ sí àtúnṣe ńlá. Wọ́n gbé àwòrán SsoPox lé àwòrán PTE lórí, wọ́n wo ibi tí ẹnu àwọn méjèèjì ti yàtọ̀, wọ́n sì yan àwọn ibi tí wọ́n máa yí. Ìwé náà jáde lọ́dún 2017. Èyí tó dára jù nínú gbogbo ohun tí wọ́n dán wò ni wọ́n pè ní αsD6. Nínú amino acid 314, mẹ́rin péré ni wọ́n yí: ti 27, ti 97, ti 228, àti 263 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe yára sí i ju ti SsoPox àdámọ́ nìyí: ìlọ́po 2,210 lórí methyl-parathion, ìlọ́po 163 lórí malathion, ìlọ́po 58 lórí ethyl-paraoxon, ìlọ́po 16 lórí methyl-paraoxon. Ohun kan tún wà níbẹ̀ tó jọ mí lójú ju nọ́ńbà lọ. Oògùn kan wà tó ń jẹ́ fensulfothion. Tẹ́lẹ̀, tó bá wọ ẹnu SsoPox, ńṣe ló máa dí i, tí kò ní jẹ́ kó ṣiṣẹ́. Àwọn tó dára jù nínú ẹ̀yà tuntun wá ń gé fensulfothion pàápàá. Ohun tó ń dí wọn lẹ́nu ti di ohun jíjẹ.

Kò sí èyí tó ṣẹlẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. SsoPox àdámọ́ kì í tú títí ooru á fi dé 106°C, èyí ju ibi tí omi ti ń hó lọ. Nígbà tí wọ́n rọ ìbú etí rẹ̀ tí wọ́n sì fi mẹ́rin yẹn rọ́pò, ooru tó lè gbà wálẹ̀. Ó ṣì ga ju ooru èyíkéyìí tí oòrùn lè dá sínú ilé páànù wa lọ fíìfíì, àmọ́ ó wálẹ̀. Ibí yìí ni ìtàn náà wà fún mi. Ìyípadà nínú ẹ́ńsáìmù máa ń ba ìdúró rẹ̀ jẹ́ díẹ̀ ní gbogbo ìgbà. PTE ò ní ìdúró tó pọ̀ láti ná, ìyípadà díẹ̀ lè mú kó dojú dé. SsoPox ní tirẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀, wọ́n ná lára rẹ̀, wọ́n fi ra iṣẹ́ kíákíá àti ọwọ́ tó gbòòrò, ó sì tún kù sílẹ̀. Ẹni tó bá ń wo bí ẹ́ńsáìmù ṣe yára lọ́jọ́ àkọ́kọ́ nìkan ò ní rí èyí. Lórí paraoxon, PTE ṣì yára ju αsD6 lọ títí dòní, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé wọ́n ti lé e bá. Àmọ́ èyí tó yára tó sì bàjẹ́ kó tó dé oko ò gé nǹkan kan.

Bóyá omi tí ẹ́ńsáìmù bá ti fọ̀ kì í pani mọ́ lóòótọ́, ìbéèrè mìíràn nìyẹn. Àwọ̀ ìyeyè ò tó láti dáhùn rẹ̀. Lọ́dún 2017 kan náà, wọ́n lo aràn pẹlẹbẹ inú omi kan, Schmidtea mediterranea. Aràn yìí, tí wọ́n bá gé e sí méjì, orí á hù lára ìrù, ìrù á hù lára orí. Nítorí náà, wọ́n lè wo ohun mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà lára rẹ̀: bóyá ó kú, bóyá ó ṣì ń rìn dáadáa, bóyá ibi tí wọ́n gé ṣì ń hù padà. Organophosphate ń ba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́. Nínú omi tí ẹ́ńsáìmù ti ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, àwọn aràn náà yè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ dáadáa, wọ́n ń rìn, ara wọn sì ń hù padà. Aràn ò ní ahọ́n tó máa fi tan onímọ̀ ìjìnlẹ̀ jẹ, ẹ̀rí ara rẹ̀ ni mo gbà jù.

Ìwádìí ọdún 2016 ti fi hàn ṣáájú pé SsoPox ń farada ọṣẹ, kẹ́míkà tó ń yọ́ òróró, àti ìtànṣán tí wọ́n fi ń pa kòkòrò àìfojúrí lára ohun èlò ilé ìwòsàn. Kókó nìyí fún ọ̀rọ̀ oògùn apakòkòrò, torí oògùn inú ìgò kì í dá wà. Inú òróró àti ọṣẹ ni wọ́n ti máa ń yọ́ ọ kó lè pò mọ́ omi. Ìyẹn ló fà á tó fi máa ń funfun bíi wàrà nígbà tí àgbẹ̀ bá da á sínú omi. Chabriere àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti dá iléeṣẹ́ Gene&GreenTK sílẹ̀ ní Marseille, ní ilẹ̀ Faransé, láti gbé iṣẹ́ yìí kúrò ní ilé ìwádìí.

Àwọn ará Ọsirélíà ti fi hàn pé irú nǹkan báyìí lè kúrò nínú ìwé bọ́ sínú kòtò omi oko. CSIRO, ilé ìwádìí ìjọba wọn ní Canberra, lo ẹ́ńsáìmù tiwọn, OpdA, èyí tó jẹ́ mọ̀lẹ́bí PTE. Wọ́n da á sínú nǹkan bí 80,000 lítà omi tó ṣàn kúrò nínú oko òwú. Ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún oògùn inú rẹ̀ lọ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Iléeṣẹ́ Orica sì sọ ọ́ di ìyẹ̀fun tó ń jẹ́ Landguard, fún omi tí wọ́n fi ń wẹ kòkòrò kúrò lára àgùntàn. Ó dára gan-an, mo sì yìn wọ́n. Àmọ́ ẹ̀yà ẹlẹgẹ́ ni OpdA náà, àwọn àgbẹ̀ tó sì ṣe é fún ní iléeṣẹ́, ọ̀nà àti iná tó ń gbé nǹkan dé ọ̀dọ̀ wọn láìbàjẹ́.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ohun tí SsoPox ò lè ṣe, torí ọ̀rọ̀ báyìí máa ń di àhesọ lórí WhatsApp kíákíá. Kì í ṣe ẹ̀rọ̀ májèlé tí ènìyàn lè gbé mu. Ẹni tó bá ti gbé Sniper mì, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Kò lè ṣe nǹkan kan fún paraquat tàbí atrazine, wọn kì í ṣe ẹbí organophosphate. Glyphosate, oògùn apakoríko tó wà káàkiri, ní phosphorus nínú lóòótọ́, àmọ́ kò ní apá mẹ́ta tí ẹ́ńsáìmù yìí mọ̀. Gammalin 20 tí àwọn bàbá wa fi fín kòkó, tí àwọn mìíràn sì dà sódò láti fi pa ẹja, chlorine ló kún inú rẹ̀, kò sí ohun tí SsoPox rí gé níbẹ̀. Inú omi nìkan ló sì ti ń ṣiṣẹ́, kò lè wọ inú ẹ̀wà gbígbẹ lọ fọ dichlorvos tó ti mu síbẹ̀. Nitrophenol tó kù sílẹ̀ lẹ́yìn ìgé náà kì í ṣe omi ọsàn, ó kàn jìnnà sí paraoxon nínú pípani ni. Ẹni tó bá wá ń fín oògùn lọ́nà tí kò yẹ torí pé ẹ́ńsáìmù kan wà ní Marseille, òun àti àwọn ará ilé rẹ̀ ló máa fara gbá a.

Ibi tó ti lè wúlò fún wa ni omi ìṣanpọ́ńpù. Tí àgbẹ̀ bá fín oko tán, á bu omi sínú pọ́ńpù ẹ̀yìn, á mì í, á dà á nù. Ẹ̀bá odò ni púpọ̀ nínú wọn ti ń ṣe é, torí ibẹ̀ ni omi wà. Ìgò tó ṣófo náà, wọ́n á ṣan án, ìgbà mìíràn ẹ sì máa rí i tí wọ́n fi ń pọn òróró. Omi yẹn kò pọ̀, ojú kan ló wà, kí ó tó dé odò sì ni a lè gbá a mú nínú garawa tàbí kòtò kékeré. Irú ìyẹ̀fun tí kò nílò fíríìjì, tó lè farada òróró àti ọṣẹ inú oògùn, ibẹ̀ ni àyè rẹ̀ wà.

Ohun tó ń dùn mí ni pé nínú mẹ́rin tí mo ka nọ́ńbà wọn lókè yẹn, malathion nìkan ni àgbẹ̀ wa máa tètè dá mọ̀. Chlorpyrifos tí wọ́n ti fín sórí kòkó fún ọ̀pọ̀ ọdún ò sí níbẹ̀, ó sì ti pẹ́ tó ti ń fún PTE pàápàá níṣòro. Dichlorvos náà ò sí níbẹ̀. Àwọn tó ṣiṣẹ́ náà yan ohun tó sún mọ́ wọn àti ohun tó rọrùn láti wọ̀n. Mi ò bá wọn wí. Àmọ́ ìdánwò náà kò kọjá agbára ilé ìwádìí tiwa. E. coli wà ní Ìbàdàn, ní Ifẹ̀, ní Abẹ́òkúta. Ohun tí wọ́n fi ń fọ ẹ́ńsáìmù náà mọ́, omi gbígbóná àti ẹ̀rọ tó ń yí bírí bírí ni púpọ̀ rẹ̀. Àwọn oníwádìí CRIN, ilé ìwádìí kòkó ní Ìdí-Ayunrẹ́, mọ ohun tí wọ́n ń fín sórí kòkó ju ẹnikẹ́ni ní Marseille lọ. Chlorpyrifos àti dichlorvos ò ní nitrophenol lára, nítorí náà omi wọn ò ní di ìyeyè, wọ́n máa ní láti wá ọ̀nà mìíràn láti wọn ìgé náà. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó yẹ kí ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: kí wọ́n bu omi ìṣanpọ́ńpù gidi láti oko kòkó, pẹ̀lú ẹrẹ̀ inú rẹ̀ àti oògùn méjì mẹ́ta tí àgbẹ̀ ti pò pọ̀, kí wọ́n gbé e sójú oòrùn ọ̀sán, kí wọ́n fi αsD6 sí i, kí wọ́n sì wọn ohun tó kù.